Orúkọ ọ̀bẹ tí a ń mú lọ sínú igbó: kí ló dé tí "ọ̀bẹ àpò" kò fi tó

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa pe ọ̀bẹ kékeré tó ṣeé ká wọnú èèkù rẹ̀ ní "ọ̀bẹ àpò", kí a sì pe èyí tí kò ṣeé ká, tí a ń so mọ́ ìgbànú, ní "ọ̀bẹ ìyè". Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mú un wá, nítorí ìwé tí à ń túmọ̀ fún àwọn ọmọ wa tó ń lọ pàgọ́ sínú igbó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè ṣe aláìní ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

"Ọ̀bẹ àpò" sọ ibi tí ọ̀bẹ ń gbé, kò sọ bí ó ṣe rí, bẹ́ẹ̀ bí ó ṣe rí gan-an ni òfin ilẹ̀ náà ń wò. Lábẹ́ òfin 1988, ènìyàn lè mú ọ̀bẹ tó ṣeé ká rìn nígboro láìsọ ìdí, bí ojú rẹ̀ kò bá ju íǹṣì 3 lọ, tí kò sì ní ohun tó ń dè é gan-n-gan nígbà tí a bá ṣí i. Èyí tó ní ìdè, àti èyí tí kò ṣeé ká rárá, ẹni tó mú wọn dání gbọ́dọ̀ ní ìdí pàtàkì. Ẹ wo ọ̀bẹ àkápọ̀ Opinel oníwọ̀n 8 ti ilẹ̀ Faransé: òrùka irin kan wà lọ́rùn rẹ̀ tí a ń yí, kí ojú ọ̀bẹ má baà ká padà mọ́ni níka, ojú náà sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 8.5. Inú àpò ṣòkòtò ló ń gbé lóòótọ́, síbẹ̀ ọmọ tó bá mú un wọ bọ́ọ̀sì láìnídìí lè bá ara rẹ̀ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá.

Nítorí náà, "ọ̀bẹ àkápọ̀" ni mo fara mọ́, kí èyí tó ní ìdè sì jẹ́ "ọ̀bẹ àkápọ̀ onídè". Ẹ jọ̀wọ́, kí a má ṣe fi àmì ohùn rẹ̀ sílẹ̀, nítorí akápò ẹgbẹ́ ni ẹni tí kò rí àmì yóò kà.

Ní ti ọ̀bẹ ìgbànú, "ìyè" ti ṣèlérí ju ohun tí irin lè ṣe lọ. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní "ọ̀bẹ alákọ̀", nítorí a ti ní àkọ̀ lédè wa tipẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni gígé okùn, bíbó èèpo igi, àti líla igi ìdáná: a ó gbé ojú rẹ̀ lé orí igi, a ó sì fi igi mìíràn lu ẹ̀yìn rẹ̀ títí yóò fi wọlé. Ibi lílù yìí ni a ti ń mọ èyí tó lágbára, nítorí gbogbo rẹ̀ dọ́wọ́ irin tó wọnú èèkù, èyí tí mo dábàá pé kí a máa pè ní "ìrù ọ̀bẹ". Ọ̀bẹ Companion tí ilé iṣẹ́ Morakniv ń ṣe ní Swídìn fúyẹ́, ó sì mú, ṣùgbọ́n ìrù rẹ̀ kò dé ìdí èèkù. Ti Garberg, tí ilé iṣẹ́ kan náà gbé jáde ní 2016, gba èèkù já. "Ọ̀bẹ tí ìrù rẹ̀ gba èèkù já" gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n yóò yé ọmọ ọdún mẹ́wàá ju ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a fipá hun lọ.

Ní ti irin tí a fi ń ṣe ojú ọ̀bẹ, "irin tí ń dógùn-ún" àti "irin aláìdógùn-ún" tó wà nínú àbá náà dára bí wọ́n ṣe wà. Àdá kò nílò orúkọ tuntun. Kí ìwé náà pè é ní àdá.