Ìmọ̀ràn lórí lílọ sí Killiniq, ilẹ̀ àwọn Inuit

Ayàwòrán_Montreal: Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ lọ ya fọ́tò ní Killiniq lóṣù Kẹjọ, ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn Inuit, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ àríwá Kánádà, ní ìkángun ìpínlẹ̀ Quebec lápá àríwá ìlà-oòrùn. Ẹnikẹ́ni ò gbé ibẹ̀ mọ́. Báwo ni mo ṣe máa débẹ̀?

Bàbá Ìbejì: Títì ò dé ọ̀hún rárá. Wọ bàálù láti Montreal lọ sí Kuujjuaq, kí o tún wọ kékeré lọ sí Kangiqsualujjuaq. Ibẹ̀ ni kí o ti wá ọlọ́kọ̀ ojú omi tó jẹ́ Inuit. Láwọn ibì kan ní Ungava, ìyawọ̀ òkun tí ẹ máa gbà kọjá, omi máa ń kún ju mítà 10 lọ kó tó fà, nítorí náà òun ni kó yan àkókò. Fi àyè ọjọ́ mélòó kan sílẹ̀, torí kùrukùru lè dá yín dúró.

Àǹtí Adùnní: Àbúrò, gba ìyọ̀ǹda kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ilẹ̀ ẹbí ni, ó lẹ́ni tó ni ín bí èèyàn ò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Àdéhùn James Bay àti àríwá Quebec tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ lọ́dún 1975 ló fi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lé àwọn Inuit lọ́wọ́. Àjọ onílẹ̀ wọn ni kí o kọ̀wé sí. Àwókù abúlé Port Burwell tí ọ̀pọ̀ ń wá lọ yà wà lórí erékùṣù tó kọjú sí i, abẹ́ Nunavut, agbègbè ìjọba mìíràn ní Kánádà, nìyẹn, ìyọ̀ǹda ọ̀tọ̀ ni.

Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá ní kò sẹ́ni tó ni ín. Oṣù Kejì 1978 ni ìjọba fi bàálù kó àwọn tó kù lábúlé náà, wọ́n sì pín wọn káàkiri àwọn ìlú Nunavik, ìyẹn agbègbè àwọn Inuit ní àríwá Quebec. Àwọn kan tó wà ní Kangiqsualujjuaq lónìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá.

Ayàwòrán_Montreal: Ẹ ṣé gan-an ni, Àǹtí. Béárì funfun ńkọ́? Ṣé kí n wá ìbọn ni?

Bàbá Ìbejì: Rárá o. Ní Torngat Mountains, ọgbà ẹranko ìjọba tó wà nítòsí, wọn ò gba ìbọn lọ́wọ́ àlejò. Inuit tó mọṣẹ́ ni wọ́n ń háyà láti ṣọ́ wọn. Ìwọ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ ò gbọdọ̀ wọnú àgọ́ tí o máa sùn, ìbáà ṣe bisikíìtì.

Àǹtí Adùnní: Kí ẹ tó wọkọ̀, bèèrè àwọn àgbà tó dàgbà sí Killiniq, kí o kí wọn. Tí wọ́n bá ní kí o má ya ibojì, má yà á. Tí o bá dé, tẹ àwọn fọ́tò náà jáde, kí o fi ránṣẹ́ sí wọn.