Ruyi's Royal Love in the Palace: ṣé kí n wò ó parí ni àbí kí n fi sílẹ̀?

Abẹ̀ní_Òru

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àsìkò yìí o. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó fi fóònù mi lu ògiri. Ó ti lé ní oṣù kan báyìí tí mo ti ń wo síríìsì àwọn Ṣáínà kan, Ruyi's Royal Love in the Palace, èyí tí Zhou Xun àti Wallace Huo ṣe lọ́dún 2018. Àbúrò mi ló tì mí sí i, ó ní ṣebí mo fẹ́ràn ìtàn orogún, pé kí n lọ wò ó, mi ò ní sùn. Lóòótọ́ mi ò sùn o, àmọ́ ìbínú ni ò jẹ́ n sùn, kì í ṣe adùn. Apá 87! Mo ti wò ó ju ìdajì lọ díẹ̀, Ruyi ṣẹ̀ṣẹ̀ di Olorì àgbà, dátà mi ti lọ, ojú mi ti wọnú, mi ò wá mọ̀ bóyá kí n máa bá a lọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ dùn. Ọmọbìnrin kan àti ọmọ ọba tí wọ́n jọ mọwọ́ ara wọn láti kékeré, ọmọ ọba yẹn wá jọba, ó di Qianlong, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìyàwó jọ bí ẹni ń to iṣu sínú àká. Ìyẹn yé mi. Èyí tí ò yé mi ni pé látìgbà tí wọ́n ti wọ ààfin, nǹkan kan ṣoṣo ló ń ṣẹlẹ̀ ṣáá. Wọ́n á fi májèlé sí oúnjẹ aboyún, oyún á bàjẹ́, wọ́n á sáré pe dókítà, dókítà á máa gbọ̀n, ìránṣẹ́bìnrin kan á jẹ́rìí èké, ọba á fajú ro, Ruyi á kúnlẹ̀ á ní òun kọ́ lòun ṣe é, lẹ́yìn náà á dákẹ́ fọ́nrán. Ó parí. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ látorí aboyún míì. Ṣé bó ṣe máa rí dópin nìyẹn?

Ìbéèrè kejì, mo ti wo Story of Yanxi Palace ṣáájú, Wei tó wà níbẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù lọ, ọmọ náà gbọ́n, ó láyà. Mo dé ibí mo bá Wei míì tó jẹ́ paramọ́lẹ̀. Ṣé ẹnì kan náà ni àbí wọ́n kàn jọ ń jẹ́ Wei? Tó bá jẹ́ ẹnì kan náà, èwo ni ká gbà gbọ́?

ÌyáAláṣọ

Abẹ̀ní ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Má tíì fi sílẹ̀, ìwọ ti la ibi tó le jù kọjá. Èmi gan-an fẹ́ jù ú nù nígbà tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹ̀tù pupa tí mẹ́kúrì wà nínú ẹ̀ yẹn há Ruyi, tí Ah Ruo, ìránṣẹ́bìnrin ẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé láti ilé bàbá ẹ̀ dìde níwájú gbogbo èèyàn tó ní ọ̀gá òun ló ṣe é. Inú mi bàjẹ́ débi pé mi ò lè tajà lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn náà wọ́n wá jù ú sí ibi tí wọ́n ń ju àwọn ìyàwó tí ọba ti kọ̀ sí, tó ń bá òjò àti eku jìjàkadì, mo ní háà, ọba tó ní òun fẹ́ràn rẹ láti kékeré nìyí.

Àmọ́ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ kí n dúró. Aṣọ ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ọjà aṣọ ni mò ń tà. Ẹ wo etí àwọn obìnrin yẹn dáadáa, yẹtí mẹ́ta mẹ́ta ló wà létí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àṣà àwọn Manchu ni, ẹ̀yà tó ń jọba Ṣáínà nígbà yẹn, wọn ò kàn dá a sí i fún oge. Ẹ wo irin gígùn tí wọ́n fi ń bo èékánná. Ẹ wo bí aṣọ Ruyi ṣe ń ṣókùnkùn sí i bí ìgbéyàwó náà ṣe ń kan. Mo máa ń dá a dúró, mo máa ń fẹ̀ ẹ́ kí n lè rí iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹ̀.

Ohun tó lè jẹ́ kó o gbádùn ẹ̀ ni kó o mọ ipò wọn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìjà wà. Olorì àgbà kan ṣoṣo, òun ni huanghou. Lábẹ́ ẹ̀ huangguifei kan, guifei méjì, fei mẹ́rin, pin mẹ́fà, ìyẹn lófin. Àwọn tó kù nísàlẹ̀, guiren, changzai, daying, wọn ò níye, bó ṣe wu ọba ni. Nítorí náà tó o bá rí i tí pin ń dìtẹ̀ mọ́ fei lábẹ́lẹ̀, mọ̀ pé àyè mẹ́rin péré ló wà lókè, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣubú kóun tó gun ibẹ̀. Ìyá ọba tí ojú ẹ̀ le yẹn náà ní síríìsì tiẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọge, Empresses in the Palace, ọdún 2011, apá 76. Òǹkọ̀wé kan náà ló kọ méjèèjì.

ÒkòtóÌtàn

Ẹ kú iṣẹ́ màmá, ẹ ti là á yé wọn. Kí n dáhùn ti Wei.

Abẹ̀ní, ẹnì kan náà ni, ó sì gbé láyé lóòótọ́. 1727 ni wọ́n bí i, ìdílé tó ń sin ààfin ló ti wá, ọmọ mẹ́fà ló bí fún Qianlong, ó kú lọ́dún 1775. Ọmọ ẹ̀ kan ló jọba lẹ́yìn bàbá ẹ̀ lọ́dún 1796, òun ni wọ́n ń pè ní Jiaqing. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ogún ọdún lẹ́yìn ikú obìnrin náà, ni wọ́n tó fi oyè Olorì àgbà dá a lọ́lá. Nítorí náà ẹni tó kọ Yanxi Palace wo ẹni tó borí, ó kọ ìtàn lójú tiẹ̀. Ẹni tó kọ Ruyi wo ẹni tó pàdánù, ẹni tó borí bá di ọ̀dájú lójú tiẹ̀. Ẹ wá tún wo Yanxi dáadáa, Nara tó jẹ́ Ruyi wa níbí, òun lọ̀tá níbẹ̀, Charmaine Sheh ló ṣe é. July 2018 ni Yanxi bẹ̀rẹ̀, August ni Ruyi tẹ̀ lé e, ìdílé kan náà, ọkọ kan náà, wọ́n kàn pààrọ̀ ẹni tá a máa bá sunkún.

Ruyi gan-an, orúkọ tí òǹkọ̀wé sọ ọ́ nìyẹn, ìtumọ̀ ẹ̀ ni "bó ṣe wù ọ́" (ẹ ò rí àwàdà burúkú). Ìwé ààfin ò kọ orúkọ àbísọ ẹ̀, ìdílé ẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ. Èyí tá a mọ̀ ni pé 1718 ni wọ́n bí i, Olorì àgbà àkọ́kọ́ kú lọ́dún 1748, òun gba ipò náà lọ́dún 1750. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn ìyẹn, 1765, ó bá ọba rìnrìn àjò lọ sí gúúsù, wọ́n dé Hangzhou, nǹkan kan ṣẹlẹ̀, ọba ní kí wọ́n gbé e gba ojú omi padà sí Beijing. Mi ò ní sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ torí ìwọ ò tíì débẹ̀. Ibẹ̀ ni síríìsì náà ń lọ, ibẹ̀ ló sì dára jù.

Bọ̀dáKékeré

Ẹ̀gbọ́n Òkòtó ẹ má tan ọmọ yìí o. Síríìsì yẹn ò dáa tó bẹ́ẹ̀, owó ni wọ́n ná sí i. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, Zhou Xun ti lé lógójì ọdún nígbà tí wọ́n ń yà á, wọ́n ní kó ṣe ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ń fi ohùn àgbà sọ̀rọ̀ ọmọdé, ó ń rẹ́rìn-ín bí ìyá ìyàwó tó wá síbi ìgbéyàwó. Apá márùn-ún àkọ́kọ́ lé mi sá, ẹ̀mejì ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Wàhálà mi gan-an ni pé wọ́n ba Ruyi fúnra ẹ̀ jẹ́. Nígbà tó wà lọ́mọge ó lẹ́nu, ó mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn, tó dàgbà tán tó gba agbára tán ó wá ya odi. Ọmọ ẹ̀ kú, odi. Wọ́n ní ó ń bá àlùfáà Búdà yan àlè, odi! Yanwan, ìyẹn Wei tinú Ruyi yìí, wá ń pa èèyàn ní ọ̀tún ní òsì, kò sẹ́ni tó rí i fún ogún ọdún, ààfin tí olófòófó wà lábẹ́ ibùsùn gbogbo. Ẹni tó ń kọ ọ́ ti rẹ̀ ẹ́ ni, kò mọ bó ṣe máa mú Yanwan, ó ń dá a dúró de apá tó kẹ́yìn. Ti Ling Yunche tí wọ́n sọ di ìwẹ̀fà torí pé ó fẹ́ràn olorì lọ́kàn lásán ló wá...

Abẹ̀ní_Òru

Bọ̀dá Kékeré!!! Mi ò tíì débẹ̀!!! Ling Yunche kẹ̀? Ẹ̀ṣọ́ tó ń bá a gbé iná wá? Wọ́n máa ṣe kí ni fún un?

Bọ̀dáKékeré

Háà, àbúrò, má bínú. Mo gbé e padà. Má ka èyí tí mo kọ lókè.

ÌyáAláṣọ

Ó ti kà á tán kó o tó gbé e padà. Ẹ̀yin ọkùnrin yìí sá.

Abẹ̀ní, fún ẹni tí ò bá yé, àwọn ọkùnrin onífìlà dúdú tó ń sáré ká inú ààfin yẹn, ìwẹ̀fà ni gbogbo wọn, ọkùnrin tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, bíi ti ààfin Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́. Ọkùnrin mìíràn ò lè sùn nínú ibẹ̀ mọ́jú, ọba nìkan.

ÒkòtóÌtàn

Mo gbà fún Kékeré lórí méjì, ọjọ́ orí Zhou Xun àti ti Yanwan. Àmọ́ ti pé Ruyi ya odi, ojú ibòmíì ni mo fi ń wò ó. Mo rò pé ohun tó jẹ́ kí ìtàn yẹn máa ṣe ségesège ni pé ibi tí òǹkọ̀wé bá ti rí egungun ìtàn dì mú, ó lágbára, ibi tí kò bá ti rí nǹkan kan, ó máa ń fi májèlé dí i. Ìwé ààfin ò sọ púpọ̀ nípa ohun tí Nara ń ṣe lójoojúmọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni obìnrin yẹn lò nínú ààfin ọba, kí ni wọ́n máa fi kún un? Ẹ̀gbà ọwọ́ tí wọ́n fi oògùn sí nínú, ẹja tí wọ́n fi ẹ̀tù bọ́, ajá tó ya wèrè, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sú èmi náà.

Ẹ wá wo bó ṣe yí padà tí wọ́n bá dé ibi tí àkọsílẹ̀ wà. Ikú Olorì àgbà àkọ́kọ́, Langhua, ọmọkùnrin ẹ̀ kan ti kú ṣáájú, èkejì ni ìgbóná pa lálẹ́ tí ọdún wọn fẹ́ yí, oṣù díẹ̀ sí i òun náà kú lójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń ti Shandong bọ̀. Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn, a sì rí i lójú áàkítọ̀ tó ṣe é, Dong Jie, pé òótọ́ ni. (Qianlong fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ewì ṣọ̀fọ̀ obìnrin yẹn títí tó fi darúgbó, èyí ni mo fi ń bínú sí síríìsì náà, wọ́n sọ ọ́ di oníkà kí Ruyi lè funfun. Yanxi ṣe ẹ̀tọ́ fún un jù.)

Òpin ẹ̀ náà, òótọ́ ni egungun ẹ̀. Abẹ̀ní, tí o ò bá fẹ́ mọ̀, dúró níbí, má kà á.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Hangzhou ni pé ó gé irun orí ẹ̀. Lọ́dọ̀ Manchu, obìnrin ò gbọ́dọ̀ gé irun àfi tí ọkọ ẹ̀ bá kú tàbí ìyá ọkọ ẹ̀. Ọba wà láàyè níwájú ẹ̀, ìyá ọba náà wà láàyè. Ẹ rò ó wò. Wọ́n gba ìwé oyè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n ti fún un padà, ìránṣẹ́bìnrin méjì péré ló kù sọ́dọ̀ ẹ̀, ọdún kejì, 1766, ó kú, ọba wà níbi tó ti ń ṣọdẹ kò padà wá. Wọ́n ní kí wọ́n sin ín bíi huangguifei, wọ́n sì sin ín sínú sàréè orogún ẹ̀. Lọ́dún 1778 ọkùnrin kan kọ̀wé sí ọba, ó ń bẹ̀ ẹ́ lórí nǹkan mẹ́rin, ọ̀kan nínú ẹ̀ ni pé kó yan Olorì àgbà, ọba ní kí wọ́n pa á. Ìdáhùn ọba lọ́dún yẹn ló fẹnu ara ẹ̀ sọ pé obìnrin yẹn gé irun.

Nítorí náà Kékeré, ìdákẹ́ tó ń bí ẹ nínú yẹn, ibi tó ń lọ nìyẹn. Ẹni tó dákẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún, tó wá fi irun gígé dáhùn lẹ́ẹ̀kan.

Bọ̀dáKékeré

Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ ọ́ dùn ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Tí wọ́n bá jẹ́ kó jẹ́ apá 50, mi ò ní jiyàn.

ÌyáAláṣọ

Ìyẹn lòótọ́. Abẹ̀ní, ibi tí ọmọbìnrin ẹ̀yà Hanbu tí ọba ń ya wèrè lé lórí bá ti dé, tó o bá fẹ́ o lè máa fò ó díẹ̀díẹ̀. Má fo Hailan o. Hailan ni ọ̀rẹ́ tí èèyàn ń fẹ́, ẹnu ẹ̀ kékeré, ọwọ́ ẹ̀ ò kéré.

Abẹ̀ní_Òru

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé ó pẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá. Mo ti parí ẹ̀.

Mo fo ti Hanbu, mo fo gbogbo ibi tí dókítà bá ti kúnlẹ̀, mo kó apá mẹ́rin sí ọjọ́ kan. Mo ti ka ohun tí ẹ̀gbọ́n Òkòtó kọ, mo ti mọ̀ pé ó máa gé irun, síbẹ̀ nígbà tó fa ọ̀bẹ yọ, mo dìde dúró lórí ibùsùn. Kì í ṣe irun yẹn gan-an ló pa mí, ojú ọba ni, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ti Ling Yunche, Bọ̀dá Kékeré, bí ẹ ṣe sọ fún mi ṣáájú dáa, torí mi ò bá ṣàìsàn.

Yanwan náà gba tiẹ̀, ó pẹ́ ṣùgbọ́n ó gba tiẹ̀. Mo ṣì fẹ́ràn Wei tinú Yanxi o, mo ti pinnu pé èèyàn méjì ni wọ́n.

Àbúrò mi wá ní ṣé mi ò fẹ́ mọ ohun tó sọ ìyá ọba di olójú líle bẹ́ẹ̀. Apá 76 yẹn. Mo ti ra dátà.