Ẹ gbà mí o, atẹ́gùn ń gbé ọkọ̀ mi kúrò lórí ẹja

Ẹ̀yin apẹja, ẹ kú iṣẹ́ omi o. Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n ní Sátidé, èmi àti àbúrò mi máa ń lọ fi ìwọ̀ pẹja nítòsí Igbókọ̀dá. Ọkọ̀ wa kò ju ẹsẹ̀ bàtà 16 lọ. Atẹ́gùn ọ̀sán ló ń dà wá láàmú. Kí ìwọ̀ tó kan ìsàlẹ̀ omi, ọkọ̀ á ti sáré kọjá ibi tí ẹja wà, okùn á sì na gbọnrangandan sẹ́yìn. Ìdákọ̀ró kọ́ ni mò ń wá, torí mo fẹ́ kí ọkọ̀ máa rìn, ṣùgbọ́n kó rọra rìn.

Mo gbọ́ nípa drift sock, àpò aṣọ tó fẹ̀ lẹ́nu tó sì tín-ín-rín nídìí, tí omi ń kún inú rẹ̀ tó fi ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Mo fi àpò ìrẹsì méjì rán tèmi, mo dá ihò sí ìdí rẹ̀, mo sì so ó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Háà! Ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í ru wọlé láti ẹ̀yìn, omi dé ọrùn ẹsẹ̀ wa. Ọ̀bẹ ni mo fi gé okùn náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé iwájú ni kí n so ó mọ́ ni, àbí ẹ̀gbẹ́? Báwo ni ẹnu rẹ̀ ṣe yẹ kó fẹ̀ tó fún ọkọ̀ yìí? Okùn kejì tí wọ́n ń so mọ́ ìdí àpò láti fi fà á wọlé ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí kì í fi í lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì? Ẹni tó ti lò ó rí ni mo fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ọmọ ìyá mi ló wà nínú ọkọ̀ yẹn pẹ̀lú mi.