SIWES (ìkọ́ṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́) oṣù 6: ilé-iṣẹ́ omi ni àbí ilé ìwádìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá kẹ́mísírì. Àyè méjì ló wà nílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ omi inú ọ̀rá ń san owó ọkọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni lójoojúmọ́: pH, kílórínì, omi líle. Láti mọ bí omi ṣe le tó, wọ́n á da bọ́fà pH 10 (èyí tó ń di pH mú) àti Eriochrome Black T (àwọ̀ atọ́ka) sómi, wọ́n á máa kán EDTA 0.01 M (kẹ́míkà tó ń di kálísíọ́mù àti magnésíọ́mù mú) sí i títí àwọ̀ pupa á fi di búlúù. Ilé ìwádìí ní HPLC (ẹ̀rọ tó ń ya èròjà inú àpòpọ̀ sọ́tọ̀), àmọ́ kò sanwó, bí kọ́lọ́ọ̀mù (ọ̀pá inú ẹ̀rọ náà) bá sì dí, ẹ̀rọ á kàn jókòó ni (ìyẹn wọ́pọ̀ jù!).

EPOS, ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ti DAAD (àjọ ilẹ̀ Jámánì), ń béèrè ìrírí iṣẹ́ ọdún 2 lẹ́yìn dìgírì, nítorí náà SIWES ò wọ̀ ọ́. Lẹ́tà ìjẹ́rìí ọ̀gá ló kù. Èwo nínú méjèèjì ni lẹ́tà rẹ̀ máa lágbára jù? Ṣé kí ìṣirò inú àyẹ̀wò wọ logbook, àbí orúkọ ẹ̀rọ ti tó?