Ìmọ̀ràn: Sport, Sahara tàbí Rubicon, èwo ni kí n mú nínú Jeep Wrangler?

ỌmọÒkè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan lọ̀ yín kí n tó kówó sílẹ̀. Mo fẹ́ ra Jeep Wrangler onílẹ̀kùn mẹ́rin, irú èyí tí wọ́n ń ṣe láti 2018 wá. Ẹ̀yà mẹ́ta ló wà níwájú mi: Sport, Sahara àti Rubicon. Ojú títì ọlọ́dà ni mo máa ń wà ní ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, mo gbọ́dọ̀ dé ibi iṣẹ́ mi lẹ́yìn òkè. Ọ̀nà amọ̀ ni, odò kékeré kan wà níbẹ̀ tí kì í ju orúnkún lọ, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ olókùúta kan sì wà tó máa ń yọ̀ bí ọṣẹ tí òjò bá ti rọ̀. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa méjèèjì máa ń bá mi lọ nígbà mìíràn.

Ẹni tó fẹ́ tà á fún mi ní tí kì í bá ṣe Rubicon, kí n má wulẹ̀ ra Wrangler rárá. Owó mi ká Rubicon lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò gbé gbogbo owó tí mo yà sọ́tọ̀ fún táyà àti àtúnṣe lọ. Ohun tó ń dà mí láàmú nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

ÀgbàAwakọ̀

Àbúrò mi, o ṣe dáadáa tó o béèrè kó o tó rà á. Ìjókòó aláwọ, ríìmù ńlá, rédíò tí ojú rẹ̀ fẹ̀ bí fèrèsé, kò sí ìkankan nínú wọn tó máa yọ ọ́ nínú ẹrẹ̀. Abẹ́ ọkọ̀ ni ohun tó ya Rubicon sọ́tọ̀ wà, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bẹ̀rẹ̀ wò.

Locker ló ṣe pàtàkì jù, ó ní in níwájú, ó ní in lẹ́yìn. O mọ̀ pé tí ọkọ̀ bá ń ya kọ́nà, ọ̀nà tí ẹsẹ̀ tòde máa rìn gùn ju ti inú lọ. Diff, ìyẹn àpótí jíà tó wà láàárín ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì, ló ń jẹ́ kí ọ̀kan yára ju ìkejì. Lójú títì, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe fún wa. Lórí òkúta, ó di wàhálà: bí ẹsẹ̀ kan bá gbéra nílẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì ń sá lọ. Ẹsẹ̀ yẹn á máa yí lófuurufú, èyí tó tẹ ilẹ̀ kò sì ní mira. Locker á so àwọn méjèèjì pọ̀, tí ọ̀kan bá yí, dandan ni kí ìkejì yí.

Sport àti Sahara ní ọgbọ́n tiwọn. Bíréèkì máa ń di ẹsẹ̀ tó ń yí lásán mú, kí agbára lè kọjá sí ìkejì. Ó ń ṣiṣẹ́, mo ti fojú ara mi rí i. Àmọ́ ẹsẹ̀ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí lásán kí bíréèkì tó mọ̀, ìwọ̀nba àsìkò díẹ̀ yẹn sì tó kí ọkọ̀ yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí òkúta tó tutù.

Rubicon tún ní bọ́tìnnì tó ń tú sway bar iwájú. Irin gbọọrọ ni sway bar, òun ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ jù ní kọ́nà. Bó o bá tú u nígbà tó o wà nínú 4WD, ìyẹn ìgbà tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń fa ọkọ̀, ẹsẹ̀ iwájú á lè sọ̀ kalẹ̀ wá ilẹ̀ tẹ̀. Tó o bá ti ń sáré kọjá nǹkan bí kìlómítà 29 ní wákàtí kan, á padà so ara rẹ̀.

Torí náà, ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé: níbi tó burú jù lọ́nà tìrẹ yẹn, ṣé ẹsẹ̀ ọkọ̀ máa ń gbéra nílẹ̀ ni, àbí ó kàn ń yọ̀?

ÌyáÌbejì

Sahara ni mo ń wà, ọdún kẹta rèé. Inú mi kì í dùn tí wọ́n bá ń sọ pé ọkọ̀ ọ̀ṣọ́ lásán ni. Tèmi ní 4H Auto, mi ò sì lè fi ṣe pàṣípààrọ̀ bọ́tìnnì kankan lára Rubicon.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. 4H, ìyẹn 4WD ti eré, tí kò ní Auto máa ń so iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀ gbagidi. Tẹ́ ẹ bá lò ó lójú títì gbígbẹ tẹ́ ẹ sì yà, iwájú àti ẹ̀yìn á máa bá ara wọn jà, sítiárìn á le, táyà á máa ké. Kì í ṣe ohun tó yẹ kéèyàn fi dán ọkọ̀ wò. Tí òjò bá rọ̀ síbì kan tí kò rọ̀ síbòmíì, ẹ ó máa gbé e wọlé, ẹ ó máa gbé e jáde ni. 4H Auto kò ní ìyọnu yẹn. Mo máa ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí òjò á fi dá, òun fúnra rẹ̀ ló mọ ìgbà tí iwájú nílò agbára. Kì í ṣe gbogbo Sahara ló ní in o, ẹ wo ara ọ̀pá transfer case (àpótí jíà tó ń pín agbára sí iwájú àti ẹ̀yìn) dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó.

Mi ò ní parọ́ fún yín ṣá. Ó há mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú kòtò kan. Mo bọ́ sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú lósì àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ́tùn-ún ló wà lófuurufú, ẹrẹ̀ ń kán tótó lára wọn. A kó òkúta pẹlẹbẹ sábẹ́ ti ẹ̀yìn, a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, ká tó jáde. Tó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí mi ni, èmi náà ì bá wá locker.

AbẹỌkọ̀Nilémi

Iṣẹ́ mi ni kí n máa sùn sábẹ́ àwọn ọkọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti locker, ẹ jẹ́ kí n sọ ti jíà, torí àwọn èèyàn kì í kà á sí.

Ẹ mú Rubicon tó ní jíà ọ́tò. Jíà kìíní rẹ̀ jẹ́ 4.71, ti axle (ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún àti òsì) jẹ́ 4.10, ti 4 Low (4WD tó ń rìn jẹ́jẹ́, tí agbára rẹ̀ pọ̀) inú transfer case jẹ́ 4. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di púpọ̀, ó jẹ́ nǹkan bí 77. Ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì á yí nígbà 77 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Sport tó ní axle 3.45, tí 4 Low tirẹ̀ jẹ́ 2.72, á fún yín ní nǹkan bí 44. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ ó mọ ìyàtọ̀ náà jù. Rubicon á máa rá kálẹ̀ bí ìgbín láìjẹ́ pé ẹ tẹ bíréèkì. Sport á fẹ́ máa sáré díẹ̀, ẹ ó sì máa tẹ bíréèkì lórí òkúta tó ń yọ̀, èyí tí mi ò fẹ́ fún ẹni tó kó ọmọ sẹ́yìn.

Axle náà yàtọ̀. Dana 44 ni Rubicon ní níwájú àti lẹ́yìn, Dana 30, tí kò lágbára tó o, ló wà níwájú Sport. Fún iṣẹ́ tẹ́ ẹ sọ yìí, Dana 30 ò ní kán, ẹ má bẹ̀rù. Táyà ńlá àti ẹsẹ̀ líle lórí epo ló ń ṣẹ́ ẹ.

Odò tó mọ ní orúnkún, ẹ gbàgbé ẹ̀. Jeep fúnra wọn sọ pé ó lè la omi tó jin ínǹṣì 30 kọjá, tẹ́ ẹ bá ti ń rọra.

Táyà33

Ẹ má bínú o, èmi ò fara mọ́ Sport rárá. Òun ni mo kọ́kọ́ rà, tí mo ní màá máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Mo gbé táyà ínǹṣì 33 sí i, ó wúwo fún axle 3.45 tó ní, ọkọ̀ ò wá lè gun òkè mọ́ láìké. Ni mo bá pààrọ̀ jíà inú diff, iwájú àti ẹ̀yìn. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti tú diff náà, mo ní kí wọ́n fi locker sí i. Ẹni tó ṣe é kò wọ̀n ọ́n dáadáa, diff ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ó di kí wọ́n tún un tú. Nígbà tí mo fi máa ṣe tán, owó tí mo ti ná kọjá ìyàtọ̀ tó wà láàárín Sport àti Rubicon.

Rubicon ti ní táyà 285/70R17, ìyẹn ínǹṣì 33, láti ilé iṣẹ́, axle 4.10 yẹn sì ni wọ́n ṣe fún un. Láti 2003 ni wọ́n ti ń ṣe Rubicon, ọ̀nà olókùúta kan ní California ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Tówó tuntun bá ń fún yín lọ́rùn, ẹ wá àlòkù tó mọ́.

ÌyáÌbejì

Táyà33, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí wọ́n sọ: ọjọ́ márùn-ún lójú títì. Táyà Rubicon máa ń pariwo lórí ọ̀dà, ó ń jẹ epo, kì í sì í di ojú títì tó tutù mú bíi tèmi. Ẹ̀yin ỌmọÒkè, ẹ gbé ìyàwó yín dání lọ wà wọ́n wò. Òun náà ló máa jókòó sínú ẹ̀.

ỌmọÒkè

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Ẹ̀gbọ́n, torí ìbéèrè yín, mo lọ síbẹ̀ lánàá, mo fẹsẹ̀ rìn ín. Ní kọ́nà kẹta, ọ̀gbàrá ti gé ọ̀nà ní ìdábùú, kì í ṣe tààrà, ó gbà á láti igun kan dé ìkejì. Mo ti igi bọ̀ ọ́, ó jìn ju àárín ojúgun mi lọ. Òkúta tó wà létí rẹ̀ ti dán, dúdú táyà sì wà lára wọn níbi tí àwọn èèyàn ti ń yí lásán. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹni tí mo sábà máa ń bá lọ. Ó ní ojoojúmọ́ tóun bá kọjá níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ kan máa ń gbéra, pé eré lòun fi ń kọjá kóun má bàa há.

Mi ò lè fi eré kọjá níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ mi.

ÀgbàAwakọ̀

Àbúrò mi, o ti dáhùn ìbéèrè ara rẹ. Eré tí ọ̀rẹ́ rẹ ń sá yẹn ló ń fọ́ ọkọ̀, òun ló sì ń dojú ọkọ̀ dé. Ibi tí ẹsẹ̀ bá ti ń gbéra lọ́jọ́ gbogbo, locker ni mo máa sọ, mi ò ní sọ nǹkan míì.

Àmọ́ fún kòtò kan ṣoṣo, ti ẹ̀yìn nìkan tó ọ. Ti iwájú dára, ṣùgbọ́n ó ń mú kí sítiárìn le, ìgbà díẹ̀ lo máa tẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, nítorí náà wo Willys náà, ẹ̀yà Wrangler mìíràn tí ẹni tó ń tà á fún ọ kò dárúkọ. Láti 2024, Willys ní locker ẹ̀yìn àti táyà ínǹṣì 33 láti ilé iṣẹ́, owó rẹ̀ kò sì tó ti Rubicon. 4 Low tirẹ̀ jẹ́ 2.72 bíi ti Sport, ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà.

Èyíkéyìí tó o bá mú, ra ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà. Sọ atẹ́gùn táyà kalẹ̀ sí nǹkan bí 20 psi kó o tó gun òkè yẹn. Wàá rí i tí táyà á máa tẹ́ sára òkúta, tí á dì í mú. Fẹ́ ẹ padà kó o tó dé ojú títì.

AbẹỌkọ̀Nilémi

Mo fọwọ́ sí i. Tó bá jẹ́ Rubicon àlòkù, ẹ dùbúlẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó wo àwọ̀ rẹ̀. Ẹ tú òróró diff wò: tó bá funfun bí omi ògì, omi ti wọ ibẹ̀. Ẹ gbé e lọ sórí ilẹ̀ tó rọ̀, kì í ṣe lórí ọ̀dà, ẹ wọ 4 Low, ẹ tẹ bọ́tìnnì locker, kẹ́ ẹ sì rọra rìn. Iná rẹ̀ á kọ́kọ́ máa ṣẹ́jú, lẹ́yìn náà á dúró. Tó bá ń ṣẹ́jú lọ bẹ́ẹ̀ títí, locker ò tíì wọlé. Ẹ dán bọ́tìnnì sway bar náà wò, torí omi àti ẹrẹ̀ máa ń ba mọ́tò kékeré tó ń tú u jẹ́.

ỌmọÒkè

Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo ti yọ Sport àti Sahara kúrò. Willys 2024 kan wà tí mo lè rà kówó táyà àti àtúnṣe ṣì kù sílẹ̀, Rubicon 2019 kan náà sì wà tí owó wọn sún mọ́ra. Èmi àti ìyàwó mi ti wa Willys lójú títì, ó ní ara òun balẹ̀ nínú ẹ̀. Ó ku Rubicon. Mo ti bá ẹni tó ni ín sọ̀rọ̀, ó gbà kí n wọ abẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì fọ̀ ọ́.