Màmá mi jẹ́ AS, wọ́n sì fẹ́ dé Machu Picchu. Ṣé kí n mú wọn lọ?

Àbíkẹ́ Manchester
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Màmá mi máa pé ọmọ ọdún 65 lóṣù kẹfà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti rí Machu Picchu, ìlú àtijọ́ olókùúta tó wà lórí òkè ní orílẹ̀-èdè Peru, nínú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti ń bi mí pé, "Ṣé èèyàn ló to àwọn òkúta yẹn?" Ọdún méjì ni mo fi tọ́jú owó kí èmi, ọkọ mi àti Màmá lè jọ lọ sí Peru.

Ètò tí ẹni tó ń bá wa ṣe ìrìnàjò náà gbé kalẹ̀ ni pé ká wọ bàálù láti Lọ́ńdọ̀nù dé Lima, ká bọ́ sí òmíràn lọ sí Cusco lọ́jọ́ kan náà, ká sùn síbẹ̀ lálẹ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kejì, ká lọ gun òkè Vinicunca tó ní àwọ̀ bí òṣùmàrè. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Machu Picchu.

Àná ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè láti Ìbàdàn. Wọ́n ní kí n má gbé Màmá gun òkè kankan, pé AS ni jẹ́nótáìpù ẹ̀jẹ̀ wọn, pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kéré. Èmi náà AS ni. Ara Màmá le o. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, wọ́n gun àtẹ̀gùn òkè Ìdánrè tó lé ní 600, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n sinmi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti já mi láyà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀, kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Ẹ̀gbá, Baltimore
Àǹtí Àbíkẹ́, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Èmi àtìyàwó mi débẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Machu Picchu fúnra rẹ̀ kò ga tó Cusco. Nǹkan bíi mítà 2,430 ló fi ga ju òkun lọ, Cusco sì tó 3,400. Cusco ló ń dá èèyàn dùbúlẹ̀. Etí òkun ni Lima wà. Bí bàálù bá ti gbé yín kúrò níbẹ̀, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ fi máa balẹ̀ sókè yẹn, ara ò sì ní tíì mọ ohun tó dé bá a. Lọ́jọ́ tá a dé, mo kàn bẹ̀rẹ̀ láti so okùn bàtà mi ni. Ìgbà tí mo fi máa nàró, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí ajá lé. Orí fífọ́ ò jẹ́ kí n sùn mọ́jú.

Ẹ má sùn sí Cusco lálẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ háyà mọ́tò ní pápákọ̀ òfurufú kó gbé yín sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ollantaytambo, nǹkan bíi mítà 2,800, kẹ́ ẹ sùn síbẹ̀ lálẹ́ méjì. Ibẹ̀ náà lẹ ti máa wọ rélùwéè lọ sí Aguas Calientes, ìlú tó wà nísàlẹ̀ Machu Picchu. Bọ́ọ̀sì máa wá gbé yín gòkè. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ ni kẹ́ ẹ wá yà sí Cusco, ara á ti mọ́ra.

Ìyá Ìbejì (nọ́ọ̀sì)
Àbíkẹ́ àbúrò mi, ẹ̀gbọ́n yín ò purọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò tíì dé ibi pé kẹ́ ẹ má lọ rárá. Òótọ́ ni pé AS kì í ṣe àìsàn, ọ̀pọ̀ AS ló sì ń sùn ní Cusco tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ́síjìn bá ti dín kù, pàápàá tí èèyàn bá ń ṣe wàhálà tí omi sì ti gbẹ lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ AS náà lè tẹ̀ bíi dòjé. Á wá dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ohun tá à ń pè ní spleen, tó wà lábẹ́ egungun ìhà lápá òsì.

Vinicunca lé ní mítà 5,000. Ọ́síjìn ibẹ̀ ò ju nǹkan bí ìdajì ti etí òkun lọ. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ìwọ náà àti Màmá. Mi ò ní bá yín dúnàádúrà lórí ìyẹn.

Tí ẹ̀gbẹ́ òsì lókè ikùn bá ń dun ẹnikẹ́ni nínú yín, tí ìrora náà sì ń gun èjìká, tàbí tí èébì bá dé, ẹ má sọ pé oúnjẹ ni ò bá yín lára mu. Ẹ sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ wá dókítà, kẹ́ ẹ sì fẹnu yín sọ pé AS ni yín, torí ọkàn rẹ̀ lè má lọ síbẹ̀. Ohun kan tún wà: ẹ tún jẹ́nótáìpù Màmá yẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó lọ. Mo ti rí àgbà tí wọ́n kọ AS fún nígbà èwe, tó wá jẹ́ pé SC ni, ìyẹn irú àìsàn fọ̀níkú-fọ̀ládìde kan. Ewu SC lókè gíga ju ti AS lọ fíìfíì.

Bàbá Peckham
Ìyá Ìbejì, o ṣeun, ọmọ mi. Àbíkẹ́, wọ́n máa gbé tíì ewé coca, tí wọ́n ń mu níbẹ̀ torí òkè gíga, fún yín ní òtẹ́ẹ̀lì. Èmi mu ún. Ṣùgbọ́n má di ewé náà sínú báàgì wálé o, oògùn olóró ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kà á sí.

Sọ fún Màmá pé èèyàn ló to òkúta yẹn. Láyé ọba Pachacuti ni, ní nǹkan bí ọdún 1450, àwọn Inca, ìyẹn àwọn tó kọ́ ọ, ò sì ní irinṣẹ́ onírin kankan. Ní Cusco, ní òpópónà Hatun Rumiyoc, òkúta kan wà lára ògiri tó ní igun 12. Mo dúró tì í pẹ́. Òkúta tó yí i ká ni wọ́n gbẹ́ kí ó lè bá igun kọ̀ọ̀kan mu. Kò sí sìmẹ́ǹtì láàárín wọn, bébà ò lè gba ibẹ̀ kọjá.

Olóyè Ìrìnàjò
Ẹ yẹ orúkọ wò o! Páásípọọ̀tù ni wọ́n fi ń wo tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà Machu Picchu. Ẹni tó ra tèmi kọ "Seun", páásípọọ̀tù mi sì ń pariwo "Oluwaseun". Ó lé ní wákàtí kan tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀nà 2 ni kẹ́ ẹ rà fún Màmá, òun ló gba àárín ìlú àtijọ́ náà kọjá jù. Tí ọkọ yín bá fẹ́ gun Huayna Picchu, òkè ṣóńṣó tó wà lẹ́yìn ìlú náà, tíkẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ yàtọ̀, ọ̀nà 3 ló wà, ẹ ò ní jọ rìn. Ẹ tọ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé, kò sí ilé ìtọ̀ nínú.

Àbíkẹ́ Manchester
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti pe aṣètò náà. Vinicunca ti kúrò, Ollantaytambo la máa kọ́kọ́ sùn. Èmi àti Màmá máa lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè. Ọkọ mi ní òun fi Huayna Picchu sílẹ̀, pé òun máa di Màmá lọ́wọ́ mú. Màmá ní kí n béèrè bóyá ibì kan wà téèyàn ti lè dúró wo Machu Picchu dáadáa.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Baltimore
Ó wà o. Ẹ̀gbẹ́ ilé kékeré tó ní òrùlé koríko, lókè, kẹ́ ẹ tó sọ̀kalẹ̀ sáàárín ìlú náà. Gbogbo rẹ̀ ló máa tẹ́ sílẹ̀ níwájú wọn. Ẹ wọ súwẹ́tà fún wọn, òwúrọ̀ oṣù kẹfà tutù níbẹ̀.