Ọjọ́ kan ló kù fún wa ní Delhi, Mọ́ńdè sì ni: níbo ni kí n mú Màámi lọ?

Àdùkẹ́:
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi àti Màámi la ti wà ní Delhi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn. Orúnkún la wá pààrọ̀ fún wọn, Ọlọ́run sì bá wa ṣe é, wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn, dókítà ti ní ká máa lọ sílé. Aago mẹ́rin ìdájí Túsìdeè ni bàálù wa máa gbéra, gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè wá ṣófo. Láti ìgbà tí a ti dé, ilé ìwòsàn àti ilé àlejò nìkan la mọ̀. Màámi ní àwọn ò ní padà sí Ìbàdàn kí àwọn máa sọ fún ẹgbẹ́ àwọn pé ògiri funfun làwọn lọ wò ní Íńdíà.

Ohun tí mo ní lọ́kàn ni Red Fort, ààfin àtijọ́ olódi pupa, láàárọ̀, Lotus Temple, ilé ìjọsìn tó rí bí òdòdó, lọ́sàn-án, ká ná ọjà Sarojini Nagar, kí wọ́n wá kírun ní Jama Masjid. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n. Ṣé á ṣeé ṣe?

Délé:
Ọdún mẹ́ta ni mo fi kàwé ní Delhi, ẹ̀rín sì pa mí. Red Fort, wọn kì í ṣí i ní Mọ́ńdè. Lotus Temple náà, bẹ́ẹ̀ ni. Ọjà Sarojini, Mọ́ńdè ni ìsinmi tiwọn. Àwa ń pè é ní ọjọ́ Ajé, àwọn ń tilẹ̀kùn ọjà! Jama Masjid nìkan ló ṣí nínú gbogbo ohun tó o kà sílẹ̀, àtẹ̀gùn 35 ló sì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tó kọjú sí ìlà oòrùn. Orúnkún tuntun kọ́ la fi ń gun ìyẹn.

Qutub Minar ni kí ẹ lọ, ojoojúmọ́ ló ń ṣí. Ilé gogoro náà ga tó mítà 73, láti nǹkan bí ọdún 1199 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gùn ún mọ́ láti 1981 tí èrò ti tẹ ara wọn pa nínú rẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa fi Màmá sílẹ̀ nísàlẹ̀ gòkè lọ. Àmọ́ òpó irin tó wà nínú ọgbà ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n rí. Ó ti lé ní ọdún 1,600, òjò ń pa á, oòrùn ń pa á, kò dógùn-ún. Àwọn onímọ̀ ní èròjà kan, phosphorus, tó pọ̀ nínú irin náà ló ń ṣọ́ ọ. Èmi ṣì ń wá alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́ láti kí i.

Owó ìwọlé tí àlejò ń san ju ìlọ́po mẹ́wàá ti ọmọ onílẹ̀ lọ. Má bá wọn jà, sanwó.

Ìyá Rọ́lákẹ́:
Ṣé ẹ máa wá dá ìyá ọlọ́mọ padà sílé láìra nǹkan ni? Ọjà Chandni Chowk, Sọ́ńdè ni wọ́n ń sinmi, Mọ́ńdè wọ́n ń tà. Ibẹ̀ ni mo ti ń ra ọjà wá sí Balógun. Bẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ béèrè Kinari Bazaar. Ọ̀nà tóóró báyìí ni, etí aṣọ olówùú wúrà ni wọ́n ká jọ bíi báńdéèjì láti ilẹ̀ dé àjà, pẹ̀lú òkúta àti ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ìyàwó. Kí aago 11 tó lù, ọ̀pọ̀ ò tíì ṣí. Bó bá kọjá aago 1, èrò á há yín mọ́ ògiri.

Iye tí wọ́n bá pè, ẹ dá a sí méjì, ẹ yí ẹ̀yìn padà bí ẹni ń lọ. Wọ́n á pè yín.

Àti pé kí oníkẹ̀kẹ́ kankan má sọ pé òun mọ ṣọ́ọ̀bù ìjọba kan. Ìrìn àjò mi àkọ́kọ́, ọ̀kan gbé mi lọ, mo ra ṣọ́ọ̀lì tí wọ́n ní irun ewúrẹ́ Kashmir ni. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré ní Èkó, ó di ìnulẹ̀.

Àdùkẹ́:
Ẹ ṣeun, Màá. Ṣé kẹ̀kẹ́ Márúwá máa gbé wa dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù?

Délé:
Ní orílẹ̀-èdè tó ń ṣe Márúwá ránṣẹ́ sí wa, rárá o! Láti aago 9 àárọ̀ sí 9 alẹ́, ọkọ̀ onímọ́tò kì í wọ ojú títì Chandni Chowk. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ wà ló wà níbẹ̀, ìjókòó rẹ̀ sì ga. Yá àga onítáyà níbi tẹ́ ẹ dé sí, ojú títì gan-an tẹ́jú. Metro, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, ìlà yẹ́lò rẹ̀ ló so Qutub Minar mọ́ Chandni Chowk, yàrá ọkọ̀ tó wà níwájú pátápátá jẹ́ ti obìnrin nìkan.

Nọ́ọ̀sì Bùkọ́lá:
Kò sẹ́ni tó sọ ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọ̀pọ̀ èyí tó wà lápá ibẹ̀, wọ́n ń lóṣòó sí i ni, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ orúnkún fún kò gbọ́dọ̀ dán an wò. Kí Màmá lò ó kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì wá ilé oúnjẹ tó ní èyí tí wọ́n ń jókòó sí. Omi inú ike tí wọ́n dé pa nìkan ni kí wọ́n mu. Ẹ̀rọ máa han bí wọ́n bá ń yẹ̀ wọ́n wò ní metro àti pápákọ̀, nítorí náà kí ìwé dókítà wà lọ́wọ́. Oògùn, inú àpò ọwọ́, kì í ṣe inú ẹrù. Nínú bàálù, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa dìde rìn.

Alfa Sùlè:
Ní ti ìrun, mọ́ṣáláṣí Fatehpuri wà ní ìparí Chandni Chowk lápá ìwọ̀ oòrùn, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ò ga bíi ti Jama. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ọba Shah Jahan ló kọ́ ọ ní 1650. Ẹ béèrè ibi tí obìnrin lè jókòó sí kí ẹ tó wọlé. Ọjà èròjà ọbẹ̀ ńlá tí wọ́n ń pè ní Khari Baoli wà lẹ́yìn ibẹ̀. Ẹ fi aṣọ bo imú o, ata ibẹ̀ ń mú ọlọ́jà fúnra rẹ̀ wúkọ́.

Àdùkẹ́:
Addis la wà báyìí, à ń dúró de bàálù kejì. Qutub la kọ́kọ́ lọ. Màámi wo òpó irin yẹn títí, wọ́n ní kí n ya àwọn pẹ̀lú rẹ̀, kí ọ̀pá ìtìlẹ̀ má hàn nínú fọ́tò. Ní metro, ẹ̀rọ pariwo lóòótọ́. Màámi gbé ìró sókè díẹ̀, wọ́n fi àpá han obìnrin tó ń yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kan orúnkún tirẹ̀, ó ní ìyá òun náà ti ṣe é. A ò dé Khari Baoli, ó ti rẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ìdì etí aṣọ wúrà mẹ́fà ló wà nínú àpò ọwọ́ mi báyìí. Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú, òun ló wà lókè, oògùn wà nísàlẹ̀.